Kí Ló Mú Kí Búrẹ́dì Àwọn Ará Fínláǹdì Dúdú?

Tí ẹ bá jókòó sídìí oúnjẹ nílé ará Fínláǹdì, búrẹ́dì tí wọ́n máa gbé síwájú yín lè yà yín lẹ́nu. Àwọ̀ rẹ̀ sún mọ́ ti àmàlà iṣu. Ó wúwo lọ́wọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ le, ó sì kan lẹ́nu bí ògì tó ti pé ọjọ́ mẹ́ta nínú omi. Ẹni tó bá fi búrẹ́dì Agége dàgbà, èyí tó rọ̀ bíi tìmùtìmù tó sì dùn bíi ṣúgà, lè rò pé tiwọn ti bàjẹ́ ni. Kò bàjẹ́ o. Ruisleipä ni wọ́n ń pè é, ìyẹn búrẹ́dì tí wọ́n fi ọkà kan tó ń jẹ́ ráì ṣe. Ní oṣù kìíní ọdún 2017, ọdún tí Fínláǹdì pé ọgọ́rùn-ún ọdún tó ti gba òmìnira, wọ́n kéde èsì ìbò tí àwọn ará ìlú fi yan oúnjẹ orílẹ̀-èdè wọn. Búrẹ́dì dúdú yìí ló gba ipò kìíní.

Ẹni tó bá gbọ́ ìròyìn yẹn lè sọ pé adùn rẹ̀ ló gbé e dépò. Àwa ò rò bẹ́ẹ̀. Nínú ìtàn búrẹ́dì yìí, òtútù, àìní àti ọgbọ́n inú ilé ló pa pọ̀ tó fi di ohun tó dà. Ìtàn náà tún fi hàn wá pé ìgbà kan wà tí ọgbọ́n inú ilé kò tó mọ́, tí ìjọba sì gbára lé ìfaradà àwọn tálákà nígbà tó yẹ kó tètè lọ ra ọkà. Ẹ̀kọ́ yẹn ló mú ká kọ àròkọ yìí.

Ọkà tó fara da òtútù

Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó dìídì gbin ráì. Èpò ni, inú oko àlìkámà àti oko bálì ló ti ń hù. Nikolai Vavilov, onímọ̀ nípa ohun ọ̀gbìn tó jẹ́ ará Rọ́ṣíà, ló ṣàlàyé bó ṣe di ọkà. Bí àwọn àgbẹ̀ ṣe ń gbé irúgbìn wọn lọ sí ibi tó túbọ̀ tutù, àlìkámà kò lè fara dà á, àmọ́ èpò tó wà láàárín rẹ̀ ń ṣe dáadáa. Nígbà tó yá, èpò náà ló pọ̀ jù lóko. Àwọn àgbẹ̀ ò bá a jà mọ́, wọ́n sọ ọ́ di oúnjẹ.

Ní Fínláǹdì, ìgbà tí ooru bá ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni wọ́n máa ń gbin ráì. Á yọrí díẹ̀, yìnyín á bò ó mọ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, tí yìnyín bá sì yọ́, á máa dàgbà lọ títí tí wọ́n á fi kórè rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹjọ. Ní ìlà oòrùn ilẹ̀ náà, ní agbègbè Savo àti Karelia, àwọn àgbẹ̀ máa ń gé igbó lulẹ̀, wọ́n á sun ún, wọ́n á sì gbin ráì sínú eérú rẹ̀. Àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá tó ti ṣán igbó tó sì sun ún rí ò nílò àlàyé nípa irú iṣẹ́ yìí. Irú ráì kan wà tí wọ́n ń gbìn sínú eérú bẹ́ẹ̀, tí hóró kan ṣoṣo rẹ̀ lè yọ ọ̀pọ̀ igi. Nígbà tí àwọn ará Savo ṣí lọ sínú igbó ilẹ̀ Swídìn ní òpin ọ̀rúndún kẹrìndínlógún àti ní ìkẹtàdínlógún, wọ́n gbé ráì yìí dání.

Ìkórè nìkan kọ́ ni wàhálà tó wà níbẹ̀. Òjò àti òtútù máa ń tètè dé, ọkà tútù ò sì ṣeé tọ́jú. Nítorí náà, wọ́n máa ń kọ́ ilé onígi kékeré kan tí wọ́n ń pè ní riihi, tí ààrò olókùúta wà nínú rẹ̀. Wọ́n á to ìdì ọkà sórí àwọn ọ̀pá lókè, wọ́n á dáná sísàlẹ̀, ooru àti èéfín á sì gbẹ ẹ́ kí wọ́n tó lù ú. Ọkà tó bá jáde látinú riihi máa ń pẹ́ kó tó bàjẹ́, ìyẹn sì ṣe pàtàkì fún ìdílé tó jẹ́ pé ìkórè ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló ń bọ́ wọn.

Ìdí tó fi dúdú, ìdí tó fi kan

Ohun méjì ló fa dúdú rẹ̀. Àkọ́kọ́, gbogbo hóró ráì ni wọ́n máa ń lọ̀, tinú tẹ̀yìn. Àwọn ọlọ́rọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù máa ń jọ ìyẹ̀fun wọn títí á fi funfun, wọ́n á sì fi èèpo ọkà bọ́ ẹran. Àwọn tálákà ò ní nǹkan tí wọ́n máa jọ dànù. Ìkejì, ó máa ń pẹ́ nínú ààrò, ooru á sì jẹ́ kí ara rẹ̀ túbọ̀ ṣú. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra o: tí ẹ bá rí èyí tó dúdú bí èédú ní ṣọ́ọ̀bù lónìí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n ti fi mọ́ọ̀tì tàbí oje ṣúgà dúdú kún un.

Kíkan rẹ̀ ló ní ọgbọ́n jù nínú. Àlìkámà ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní gluten, tó máa ń fà bíi rọ́bà, tó sì ń di afẹ́fẹ́ mú kí búrẹ́dì lè wú. Ti ráì ò lágbára bẹ́ẹ̀. Sítáàṣì inú rẹ̀ àti àwọn èròjà míì tó ń fa omi mọ́ra ló ń gbé búrẹ́dì ráì dúró. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ́ńsáìmù kan tún wà nínú ráì tó máa ń fọ́ sítáàṣì yìí bí búrẹ́dì ṣe ń gbóná nínú ààrò. Tí wọ́n bá ráyè ṣe bó ṣe wù wọ́n, inú búrẹ́dì á rí pọ̀pọ̀lọ̀, á lẹ̀ mọ́ ọ̀bẹ bí ẹ̀kọ tí kò jiná. Tí ìyẹ̀fun tí wọ́n pò bá kan, agbára àwọn ẹ́ńsáìmù náà á dín kù. Ìyẹn ni pé kíkan kì í ṣe ọ̀rọ̀ adùn nìkan. Láìsí i, búrẹ́dì ráì ò ní dúró.

Àwọn ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín tí ojú lásán ò lè rí ló ń ṣiṣẹ́ náà: yíìsì tó ti wà lára ọkà fúnra rẹ̀, àti bakitéríà tó ń sọ ṣúgà inú ìyẹ̀fun di ásíìdì. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti rí ọ̀kan nínú bakitéríà wọ̀nyí, èyí tí ọ̀pọ̀ ìwé ń pè ní Lactobacillus plantarum, nínú ìwúkàrà ráì. Wọ́n sì ti rí i nínú ògì tiwa náà. Obìnrin Savo àti ìyá ológì ní Abẹ́òkúta ò mọra rí, àmọ́ àwọn méjèèjì ti mọ̀ tipẹ́tipẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹ̀rọ amóhun-tóbi wò ó, pé omi, ìyẹ̀fun àti sùúrù lè tọ́jú oúnjẹ.

Ọpọ́n tí wọn kì í fọ̀

Àwọn obìnrin ló ni iṣẹ́ búrẹ́dì nílé. Inú ọpọ́n onígi ńlá ni wọ́n ti máa ń pò ó, wọn kì í sì í fọ ọpọ́n náà. Èyí tó bá ṣẹ́kù á gbẹ mọ́ ara rẹ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ yan búrẹ́dì míì, wọ́n á da omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ìyẹ̀fun ráì sínú ọpọ́n yẹn, ohun tó ti sùn mọ́ ara igi á sì jí. Juuri ni wọ́n ń pe ìwúkàrà yìí. Ìtumọ̀ rẹ̀ lédè wọn ni gbòǹgbò.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yan án yàtọ̀ láti ìhà kan sí ìkejì. Ní ìwọ̀ oòrùn Fínláǹdì, ìwọ̀nba ìgbà díẹ̀ ni wọ́n ń yan búrẹ́dì lọ́dún, pàápàá nígbà ìrúwé àti lẹ́yìn ìkórè. Wọ́n á ṣe é pẹlẹbẹ, wọ́n á lu ihò sí i láàárín, wọ́n á sì fi í kọ́ sára ọ̀pá gígùn lábẹ́ àjà. Á gbẹ gan-an, ìdílé á sì máa jẹ ẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ní ìlà oòrùn, ààrò ńlá tí wọ́n fi ń mú kí ilé móoru náà ni wọ́n fi ń yan búrẹ́dì. Nígbà tó jẹ́ pé iná ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n lè yan án lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ìdí nìyẹn tí búrẹ́dì wọn fi nípọn tó sì rọ̀. Ohun tó pín wọn níyà ni bí wọ́n ṣe ń lo iná àti igi ìdáná.

Ọdún 1867

Ní àkókò yìí, abẹ́ ọba Rọ́ṣíà ni Fínláǹdì wà, bó ti wà láti ọdún 1809, àmọ́ ó ní ìgbìmọ̀ ìjọba tirẹ̀ ní Helsinki tí wọ́n ń pè ní Sẹ́nétì. Lọ́dún 1866, òjò ba ọ̀pọ̀ ìkórè jẹ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òtútù kọ̀ kò lọ. Oṣù kẹfà ti wọlé, síbẹ̀ yìnyín ṣì wà lórí àwọn adágún kan. Àwọn àgbẹ̀ pẹ́ gbin ọkà wọn, ó sì pẹ́ kó tó gbó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, ìrì dídì bọ́ lóru, ó pa ọkà tó ṣì wà lóko.

Àwọn obìnrin wá ṣe ohun tí àwọn ìyá ìyá wọn kọ́ wọn pé kí wọ́n ṣe nígbà ìyàn. Wọ́n ní pettu, ìyẹn awọ inú èèpo igi páìnì. Ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ooru ni wọ́n máa ń bó o, wọ́n á sá a, wọ́n á yan án lórí iná, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á wá pò ó mọ́ ìwọ̀nba ráì tó kù. Àwọn aláṣẹ tún gba àwọn èèyàn níyànjú pé kí wọ́n máa jẹ olú, àti ohun eléwéko tó ń lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ àti àpáta, èyí tí àgbọ̀nrín ilẹ̀ olótùútù ń jẹ. Búrẹ́dì ọdún yẹn dúdú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, àmọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ sí oúnjẹ nínú rẹ̀.

Ẹni tó ń bójú tó owó ìlú nínú Sẹ́nétì ni Johan Vilhelm Snellman. Ọ̀mọ̀wé ni, ó sì ti ṣe gudugudu méje kí èdè Finnish lè níyì nínú ìwé àti nílé ẹjọ́. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ ọkà, èrò rẹ̀ ni pé kí ìjọba má tètè yáwó, kí àwọn oníṣòwò wá ọkà wọlé fúnra wọn, kí wọ́n má sì fún àwọn èèyàn lóúnjẹ lọ́fẹ̀ẹ́ kí wọ́n má bàa ya ọ̀lẹ. Nígbà tí ìjọba máa fi lọ yá owó lọ́wọ́ báǹkì Rothschild ní Frankfurt, ìrì dídì ti pa ọkà, òkun sì ti fẹ́ dì, tí ọkọ̀ ojú omi ò ní lè gúnlẹ̀ mọ́. Ọkà tó wọlé ò tó.

Àwọn èèyàn fi ilé sílẹ̀, wọ́n ń ṣagbe kiri lójú ọ̀nà nínú yìnyín. Ibi tí wọ́n kó ara wọn jọ sí ni àrùn ti bẹ́ sílẹ̀. Àwọn míì lọ ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń la ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin láti Riihimäki lọ sí St. Petersburg kí wọ́n lè rí nǹkan jẹ, ọ̀pọ̀ sì kú síbẹ̀. Nígbà tí ìyàn náà fi máa parí lọ́dún 1868, ó ti pa ju ọ̀kẹ́ márùn-ún èèyàn lọ (100,000), ìyẹn nǹkan bí ẹni mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún. Àrùn ló pa èyí tó pọ̀ jù, nítorí ara tí ebi ti jẹ ò lè bá ibà jà.

Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Ọgbọ́n ò tán nílé wọn. Riihi wà, ọpọ́n wà, gbòǹgbò wà nínú ọpọ́n. Ohun tí kò sí ni ọkà tí wọ́n máa kó sínú rẹ̀. Ọgbọ́n inú ilé lè mú kí díẹ̀ tó, àmọ́ kò lè mú kí òfìfo tó.

Ìyìn tí wọ́n ń fún ẹni tó ń fara dà á

Nǹkan bí ọdún mẹ́tàdínlógójì ṣáájú ìyàn yìí, lọ́dún 1830, akéwì Johan Ludvig Runeberg tẹ ewì kan jáde nípa àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Paavo ní Saarijärvi. Lọ́dọọdún ni òtútù ń ba oko Paavo jẹ́, lọ́dọọdún ló sì ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé kó fi èèpo igi kún búrẹ́dì. Nígbà tí ìkórè wá dára, tí ìyàwó rò pé àwọn máa jẹ ojúlówó búrẹ́dì, Paavo ní kó tún fi èèpo igi kún un, torí pé òtútù ti pa oko aládùúgbò wọn. Ọ̀pọ̀ ìran àwọn ọmọ Fínláǹdì ló ka ewì yìí nílé ẹ̀kọ́.

A ò sọ pé ìwà Paavo ò dáa. Ẹni tó bá ní díẹ̀ tó sì fún aládùúgbò rẹ̀ nínú rẹ̀, ọmọlúàbí ni. Ohun tó ń kọ wá lóminú ni bí ìtàn irú èyí ṣe rọrùn fún àwọn tó wà nípò láti lò. Tí gbogbo ìlú bá ti gbà pé tálákà mọ bó ṣe ń fara dà á, kò sẹ́ni tó máa béèrè ìdí tí àká ìjọba fi ṣófo. Ẹ̀yin náà mọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Owó epo bẹntiróòlù gòkè, owó oúnjẹ fò sókè, wọ́n á ní ọmọ Nàìjíríà ò lè kú, á wá ọgbọ́n ta sí i. Lóòótọ́, a máa ń wá ọgbọ́n ta sí i. Àwọn obìnrin Savo náà ta ọgbọ́n, síbẹ̀ wọ́n sin ọmọ wọn.

Láti inú ààrò dé ṣọ́ọ̀bù, àti padà

Lẹ́yìn ìyàn, ọkà olówó pọ́ọ́kú láti Rọ́ṣíà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ Fínláǹdì sì yí sí iṣẹ́ màlúù, wàrà àti bọ́tà. Síbẹ̀ èèpo igi tún padà sínú búrẹ́dì lọ́dún 1918, nígbà tí ogun abẹ́lé dé bá ilẹ̀ tí ọkà ti wọ́n. Nígbà tí Rọ́ṣíà Sófíẹ́ẹ̀tì gbógun dé ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 1939, tó sì gba ilẹ̀ Karelia, èyí tó ju ọ̀kẹ́ ogún èèyàn (400,000) ló fi ilé sílẹ̀. Wọ́n pín wọn káàkiri orílẹ̀-èdè náà. Wọn ò lè gbé ààrò wọn dání, àmọ́ wọ́n gbé ọwọ́ wọn. Ìdí nìyẹn tí karjalanpiirakka, oúnjẹ Karelia tí èèpo ara rẹ̀ jẹ́ ráì, fi wà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù Fínláǹdì lónìí.

Bí àwọn èèyàn ṣe ń ṣí lọ sí ìlú ńlá, ilé iṣẹ́ ló wá ń yan èyí tó pọ̀ jù nínú búrẹ́dì wọn. Àmọ́ àwọn tó ń yan án nílé ò tán, iṣẹ́ náà ò sì le. Tí ẹ bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀, ẹ po 100 gíráàmù ìyẹ̀fun ráì oníèèpo mọ́ 100 gíráàmù omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nínú ìgò mímọ́, ẹ má dé e pinpin. Lójoojúmọ́, ẹ fi 50 gíráàmù ìyẹ̀fun àti 50 gíráàmù omi kún un. Lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún, á máa hó, òórùn rẹ̀ á sì kan dáadáa. Lálẹ́, ẹ bu 200 gíráàmù rẹ̀ sínú abọ́ ńlá, ẹ da 500 gíráàmù omi àti 300 gíráàmù ìyẹ̀fun ráì sí i, kó sùn. Láàárọ̀, ẹ fi 350 gíráàmù ìyẹ̀fun àti ṣíbí kékeré iyọ̀ méjì kún un. Kò ní fà bíi ti àlìkámà, á rí bí amọ̀, ẹ má bá a jà. Ẹ fi ọwọ́ tútù kó o sínú agolo búrẹ́dì, ẹ jẹ́ kó wú títí ojú rẹ̀ á fi sán, kí ẹ sì yan án fún nǹkan bíi wákàtí kan ní 220°C. Ẹ má gé e títí di ọjọ́ kejì. Èyí tó ṣẹ́kù nínú ìgò ni gbòǹgbò yín, ẹ máa bọ́ ọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ti jáde, tí ẹ wà ní London tàbí Manchester, máa tètè rí ìyẹ̀fun ráì rà. Fún àwa tí a wà nílé, kò rọrùn láti rí, ó sì wọ́n. Èyí ò ní ká jókòó o. Ìyá àgbà tó mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ ògì, bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ó ti kan tó, àti ohun tí wọ́n jẹ nígbà tí àgbàdo ò sí, wà nítòsí ọ̀pọ̀ nínú wa. Ẹ lọ bi wọ́n, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá sì ń bi wọ́n nípa ọdún tí oúnjẹ wọ́n, ẹ béèrè nǹkan méjì: kí ni ẹ̀yin ṣe, kí sì ni ìjọba ṣe? Ìtàn tó bá dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ nìkan ò tíì pé.